Ẹ Yẹ Ilé Wò Kí Òtútù Tó Yẹ Yín Wò

Leeds, oṣù Kọkànlá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n àti ìyàwó wa,

Inú mi dùn gan-an pé físà ti jáde. Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní tí ẹ fẹ́ wọ̀lú yìí gan-an ni òtútù ibí máa ń mú jù. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn rárá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé tí ẹ máa gbà, torí ilé tí kì í gba ooru dúró, kò sí iye owó gáàsì tí ẹ dà sí i tó máa tó o.

Ilé tí wọ́n bá fẹ́ gba ayálégbé sí níbí máa ń ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní EPC, tó ń sọ bí ilé náà ṣe ń jẹ iná àti gáàsì tó. A ló dára jù, G ló burú jù. Láti ọdún 2020, onílé ní England kò gbọ́dọ̀ gba ayálégbé sí ilé tó kéré sí E, àfi tó bá ní ìdí tí ìjọba gbà. Àdírẹ́sì ilé lẹ máa fi wo EPC rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kódà láti Ìbàdàn níbẹ̀. Bí owó ilé C bá fi díẹ̀ ju ti E lọ, ẹ mú C. Ohun tí ẹ bá rò pé ẹ rí jẹ lórí rẹ́ǹtì, gáàsì á gbà á padà.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ojú mítà kí ẹ tó tú ẹrù, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná àti gáàsì lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí, gbèsè ẹni tó kó jáde lè wà nínú rẹ̀, á sì máa jẹ owó tí ẹ bá rà. Wọ́n tún ń yọ owó kan lójoojúmọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ tan nǹkan kan. Ẹ ó gbọ́ pé Ofgem, àjọ tó ń mójú tó ọjà iná àti gáàsì, ti fi gègé lé owó iná: iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi gègé lé, kì í ṣe àpapọ̀ owó tí ẹ máa san.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, gáàsì ló ń gbé bọ́ílà ṣiṣẹ́, omi gbígbóná á sì máa gba inú àwọn rèdíétọ̀ ara ògiri kọjá. Ẹyọ iná kan wọ́n tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ẹyọ gáàsì kan, nítorí náà hítà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kì bọ iná ló ń jẹ owó jù. Ẹ fi thermostat, ohun tí a fi ń yan bí ilé ṣe máa gbóná tó, sí 18 tàbí 20 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá tì í dé 25, ilé kò ní torí ìyẹn yára móoru, gáàsì ni yóò kàn máa jó lọ. Bí bọ́ílà náà kò bá ní táǹkì omi gbígbóná lọ́tọ̀, ẹ dín ooru omi tó ń lọ sí rèdíétọ̀ kù sí 60. Ọ̀pọ̀ ló wà ní 80 láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sílé. Ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tínì tó nípọn bo fèrèsé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n kó má bo rèdíétọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èbu. Bí ẹ bá ń sá aṣọ sínú yàrá, tí ẹ ń ro àmàlà, tí ẹ ti gbogbo fèrèsé pa nítorí òtútù, omi á máa sé sára ògiri, èbu dúdú á sì hù. Ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní 2022, adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé èbu inú ilé wọn ló pa á. Àwọn òbí rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn títí. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má sì pa ooru tì pátápátá torí owó. Bí ẹ bá rí èbu, ẹ kọ̀wé sí onílé pẹ̀lú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ẹ ti gbọ́ ìròyìn àwọn ẹbí tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa lójú oorun nílé wa. Bọ́ílà tó bàjẹ́ lè tú irú afẹ́fẹ́ yẹn, carbon monoxide, sílẹ̀, kò sì lóòórùn. Onílé gbọ́dọ̀ yẹ gáàsì wò lọ́dọọdún, kó sì fún yín níwèé rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Aláàmù carbon monoxide gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí bọ́ílà wà. Nítorí afẹ́fẹ́ yìí kan náà, ẹ má gbé ẹ̀yinná wọlé láéláé.

Ẹ ra ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ nínú ilé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sanwó fún ejẹ́ǹtì kankan láìjẹ́ pé ẹ ti fi àdírẹ́sì ilé náà ránṣẹ́ sí mi. Màá lọ wò ó fúnra mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n yín.