Ọkọ́ Tó Fẹ́ Di Ọkọ

Ní ìsinmi tó kọjá, láptọ́ọ̀pù mi kú sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Inú fúláàṣì nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo gbà lẹ́nu màmá àgbà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi kù sí. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé. Àpótí kéékèèké ló kún ojú ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní fáírọ́ọ̀sì ni, ká nu fúláàṣì náà. Àyà mi já. "Ulé" àti "uṣu" màmá wà níbẹ̀!

Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo wò ó dáadáa: "ọ" tí kò lámì wà digbí, "ọ́" ló bàjẹ́. Nínú Unicode, "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀. "Ọ́" kò ní, nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ àmì náà ló ń fi àpótí dípò. Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ka ọkọ́ tuntun tí màmá rà sí ọkọ tuntun. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Èmi ṣe ẹ̀dà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó nu nǹkan dànù, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fọ́ǹtì wò.