Kì í Ṣe Gbogbo Ara Gbígbóná Ni Ibà

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ: ibà. Bí ara ọmọ bá gbóná ní Kétu, ibà ni. Bí àgbà bá ń gbọ̀n ní Ṣábẹ̀ẹ́, ibà ni. A ó se agbo, a ó ra oògùn lórí àtẹ lọ́jà, a ó sì máa retí ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ooru kan wà tí ọwọ́ ẹ̀fọn kò sí nínú rẹ̀. Àwa tí a kàwé Faransé mọ̀ ọ́n sí septicémie. Àwọn ìyá wa kò fún un lórúkọ, ó sì ń pa wọ́n lọ́mọ. Kòkòrò àìfojúrí ni ó gba ojú ọgbẹ́, ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà ìtọ̀ tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara á gbógun tì í. Nígbà mìíràn ogun náà á le débi pé yóò ba kíndìnrín àti ọkàn jẹ́. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní sepsis. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé ní ọdún 2017, ó mú nǹkan bí mílíọ̀nù 49 ènìyàn káàkiri ayé. Mílíọ̀nù 11 kú.

Ibà ẹ̀fọn gan-an lè ṣílẹ̀kùn fún un: ọmọ tí ibà ti sọ di aláìlágbára ni kòkòrò Salmonella máa ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn, ọ̀rọ̀ lè má tíì parí.

Àdá ṣá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́sẹ̀ lóko. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná. Gbogbo ilé ní ibà ni. Ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ni ó ta kò wọ́n: "Ọmọ yìí ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè mí. Ibà kọ́ nìyí." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì fi omi àti oògùn apakòkòrò sí i níṣan. Ó padà sí kíláàsì wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ àwọn àmì náà: ọ̀rọ̀ tó ń dàrú, èémí tó ń yára, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tutù, ìtọ̀ tí kò wá mọ́, oorun tí a kò lè jí ènìyàn nínú rẹ̀. Ọmọ tuntun tí kò mu ọmú mọ́ wà nínú ewu, ì báà jẹ́ pé ara rẹ̀ tutù. Wákàtí ni a fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọjọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.