Ọjà níná nílùú òyìnbó àti nílé

Kò sẹ́ni tó dàgbà ní Lálúpọn ìlú wa tí kò mọ ọjà ná. Èló ni jálẹ̀? Ẹ bá mi dín in. Bí owó bá sì ti wọ̀ tán, à á tún béèrè ènì. Ṣùgbọ́n mò ń rí àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí wá kàwé, tí wọ́n ń san iye yòówù tí wọ́n bá bá lára ọjà, torí wọ́n gbà pé ọjà òyìnbó kì í gba níná. Ó ń gbà á o. A kàn ní láti mọ ọ̀nà rẹ̀ ni.

Láti ọdún 1995 ni Tesco, ilé ìtajà ńlá kan níbí, ti ń fún oníbàárà ní káàdì tí wọ́n ń pè ní Clubcard. Nígbà tó di 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye méjì sára ọjà kan náà: ọ̀kan fún ẹni tó ní káàdì, èyí tó wọ́n jù fún ẹni tí kò ní. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba káàdì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á máa fi mọ gbogbo ohun tí ẹ ń rà. Ti John Lewis, ilé ìtajà ńlá mìíràn, tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1925 ni wọ́n ti ń ṣèlérí pé ẹlòmíì kò ní ta ọjà kan náà ní ọ̀pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n pa ìlérí náà tì ní 2022, wọ́n sì dá a padà ní 2024. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra fíríìjì, ẹ kọ́kọ́ yẹ iye rẹ̀ wò káàkiri lórí fóònù, kí ẹ tó sanwó. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ẹ wá bébà yẹ́lò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì àti ẹran tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ pé. Òye irú èyí kò ṣàjèjì sí wa: ẹ̀fọ́ ọjà wa náà máa ń wálẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, torí kò ní dúró di ọ̀la.

Ohun tó ń dùn mí ni ìwà wa nígbà tá a bá lọ sílé lóṣù Kejìlá. A ó dúró létí ọ̀nà Ìwó, a ó máa bá ìyá tó gbé èlùbọ́ wá láti abà fa igba náírà, owó tí kò tó pẹ́ńsì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ èlùbọ́ náà wà nínú iye tó pè, owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti bíi náírà 190 kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì bá a lọ. Ilé ìtajà ńlá ti ṣírò ẹ̀dínwó tirẹ̀ kó tó gbé ọjà síta. Ìyá wa, inú èrè tí yóò fi jẹun ló ti ń yọ ọ́. Àwọn kan nínú wa á wá dín owó tán, wọ́n á tún fọwọ́ ara wọn bu ènì. Kò dáa. Ẹni tó ń tà ló ni ènì, òun ló sì yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú.

Mi ò ní ká má nájà nílé o. Inú ìyá náà gan-an kì í dùn bí a bá kàn sanwó tí a ò bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní jálẹ̀ rèé, ká san án.

Fún ayẹyẹ ọdún yìí tí ẹgbẹ́ àwa ará Lálúpọn níbí fẹ́ ṣe, àbá mi ni pé kí ìgbìmọ̀ oúnjẹ ẹgbẹ́ da owó ìrẹsì àti òróró pọ̀, kí wọ́n sì ná àwọn olówò ńlá dáadáa. Èlùbọ́ tí a máa gbà láti ilé ní tirẹ̀, iye tí àwọn ìyá bá pè é ni kí ẹgbẹ́ san.