Bí Irun Ẹ̀bá Etí Bá Ń Pá

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ irun wa. Ní kíláàsì wa ní Atakpamé, àwọn kan wà tí kì í ṣí gèlè. Irun ẹ̀bá etí wọn ń pá, ojú sì ń tì wọ́n. Wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, dídì líle ló fà á.

Bí a bá di irun le jù, tí a tún fi mẹ̀ṣì wúwo kún un, ó ń fa gbòǹgbò irun. Orí á máa dunni, eéwo kéékèèké á yọ. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Bí a bá tètè jáwọ́, irun lè padà hù. Bí a kò bá jáwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ á di àpá, irun kò sì ní hù mọ́.

Irun tó ń re ní nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn ìbímọ sábà máa ń padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àárín orí bá ń pá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní 2019, àwọn oníṣègùn, tí Ncoza Dlova ti South Africa wà lára wọn, fi hàn pé irú èyí lè jẹ́ àjogúnbá.

Irun ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, ẹ ní sùúrù. Bí wọ́n bá ń di irun ọmọ yín, tó ń sunkún, ẹ má ṣe ní kó fara dà á. Ẹ ní kí onídìrí tú u, kó dẹ ọwọ́.