ÒMÌNIRA YUNIFÁSÍTÌ ÀTI TI SẸ́KỌ́ŃDÍRÌ: OHUN TÍ MO FOJÚ RÍ NÍ ÀGỌ́-ÌWÒYÈ

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òjò tó kọjá, ó sì kan púpọ̀ nínú yín tí ẹ ń fi èrè ọjà rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé gíga. Ìbéèrè náà nìyí: ọmọ tó kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì tó wọ yunifásítì, ṣé òmìnira rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́? Ṣé ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé ta ló pè mí sí i, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fúnra mi. Èmi tí mò ń kọ èyí kò wọ yunifásítì rí. Wáẹ́ẹ̀kì ni mo ní, iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ń jẹun, ọdún 26 ni mí. Efire ni wọ́n bí mi sí, ní Ògùn Waterside, níbi tí ìyá mi ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, tó ń yan án, tó ń gbé e lọ tà. Àbúrò mi obìnrin ló wọ yunifásítì. Nígbà tí ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀ dé, owó ọwọ́ ìyá mi kò lè tó ọmọ méjì. Èmi náà ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì, máàkì mi kò gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Mo ní kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló yìn mí. Ṣùgbọ́n ká sọ òdodo, ẹnu ni mo fi sọ ọ́, inú mi kò bá a lọ.

Ti sẹ́kọ́ńdírì kò ṣòro láti sọ. Agogo ló ń darí ẹni. Agogo lù, o tò sórí ìlà. Agogo lù, o wọ kíláàsì. Agogo lù, o jẹun. Irun orí ẹni kì í ṣe tẹni. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, bí o bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àdá ni wọ́n máa gbé lé ọ lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn pápá. Mo gé koríko títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bí ti àgbẹ̀. Olùkọ́ wa kan máa ń sọ fún wa pé ní yunifásítì, bó bá wù ọ́ o lọ sí kíláàsì, bí kò bá wù ọ́ o sùn. Bí a bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni itọ́ á máa dà lẹ́nu wa.

Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè yìí, ọdún 1982 ni wọ́n dá a sílẹ̀, láyé Olóyè Olábísí Ọ̀nàbáńjọ tó jẹ́ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ogun State University ni wọ́n ń pè é nígbà náà, kí wọ́n tó fi orúkọ Ọ̀nàbáńjọ sọ ọ́ ní 2001. (Akọ̀ròyìn ni bàbá náà kó tó di gómìnà o, Ayékòótọ́ ni orúkọ tó fi ń kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí àwa akọ̀ròyìn náà yangàn díẹ̀.) Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ tó jáde ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ tàbí Èkó ló máa forí lé bó bá fẹ́ wọ yunifásítì. Nísinsìnyí, ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè gbé ọbẹ̀ lọ fún ọmọ rẹ̀ kó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá tèmi kò súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ọkọ mi, bá mi lọ wo àbúrò rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pè fún owó lóṣù yìí, ohùn rẹ̀ kò sì dùn mọ́ mi létí." Ó di gàrí, ó di ẹja yíyan, ó rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ òmíràn, a gba Òrù kọjá. Gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ni mo fi ń sọ nínú ara mi pé ìgbádùn ló pọ̀ jù fún ọmọ yìí. Èmi gé koríko, èmi fi àyè sílẹ̀, òun ń jẹ ayé.

Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè, inú ìlú ni wọ́n ti ń háyà yàrá. Yàrá tí mo bá àbúrò mi, àwọn mẹ́ta ló ń gbé e. Sítóòfù kan, mátírẹ́ẹ̀sì méjì, ike omi tò lọ bẹẹrẹbẹ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá, ọjọ́ kíláàsì sì ni. Ó jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì, ojú rẹ̀ wú.

Mo ti ń múra láti bú u. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kúùrìn," ó sì bú sẹ́kún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Irun ni ó ń dì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ kó lè rí owó jẹun. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, orí mẹ́ta ló dì, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kó tó sùn. Ìdánwò wà ní aago mẹ́jọ. Kò sí agogo. Kò sí olórí ọmọ ilé-ìwé tó máa ta omi sí i lójú. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti jáde. Ó jí, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ méjì tó já ní ọdún kìn-ín-ní ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí yóò tún ṣe. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti le bíi tèmi ti ìgbà yẹn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ lọ̀rọ̀ yìí máa yé jù. Ọmọ iṣẹ́ á fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sin ọ̀gá, á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á bá ìyàwó ọ̀gá pọnmi, á gbọ́ èébú. Ọjọ́ fírídọ̀mù á dé. A ó se ìrẹsì, ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á ya fọ́tò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa ní kó wá gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà, onílé sì ń retí owó ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ télọ̀ kan tó padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹrù tó pọ̀ tó yẹn ni ọ̀gá ń bá òun rù. Irú fírídọ̀mù tí wọ́n fún àbúrò mi nìyẹn, ní ọmọ ọdún 18, láìsí àdúrà, láìsí ìrẹsì.

Àwọn tó lọ ṣáájú wa, oúnjẹ wà nínú òmìnira tiwọn. Títí di 1978, kọ́bọ̀ 50 ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń jẹun òòjọ́. Ọdún yẹn ni ìjọba ológun sọ ọ́ di náírà kan àti ààbọ̀, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pariwo pé kí Ali máa lọ, ìyẹn Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀. Ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò. Ọmọ tí ebi kò pa lè ráyè ronú, ó lè ráyè jà pàápàá. Ọmọ tí ebi ń pa, tó sì jẹ́ obìnrin, ẹ mọ irú àwọn bàbá onímọ́tò tó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi yan irun dídì. Mo kí i kú iṣẹ́.

Mo bi í bóyá ó wù ú kó padà sí sẹ́kọ́ńdírì, níbi tí agogo ti ń jí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Rárá o, Bọ̀dá." Ó ní ní sẹ́kọ́ńdírì, bí òun bá béèrè ìbéèrè, wọ́n á ní òun ń fojú di olùkọ́. Níbí, òun béèrè ohun kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ wọn nípa ohun abẹ̀mí, olùkọ́ náà ní òun fúnra òun kò mọ̀ ọ́n, kí àwọn jọ lọ wá a. Àfi bíi pé wọ́n fún un lówó, bó ṣe ń sọ ọ́. Ló bá fa ọ̀kan yọ nínú ẹja Màámi, ó ṣẹ́ ẹ, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó ní omi tó kù nínú ẹja yìí ni èbu àti ìdin ń wá lásìkò òjò. Bí Màámi bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kó tó yan án, iyọ̀ á fa omi náà jáde, kó sì yan án títí inú á fi gbẹ. Ọdún mélòó ni ìyá mi ti ń da ẹja nù lásìkò òjò! Mo jókòó síbẹ̀, owú tí mo gbé wá láti Efire ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi. Mo ní fẹ́rẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, màá ní òmìnira yunifásítì pọ̀ jù ti sẹ́kọ́ńdírì lọ, ayọ̀ ọkàn sì wà níbẹ̀ tí èmi kò rí níbi tí mo ti ń gé koríko. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi àwọn ọmọ yín bí wọ́n ti jẹun. Bí wọ́n bá sì ń fi nǹkan pamọ́, ẹ má fi igbe bẹ̀rẹ̀. Owó ìrànwọ́ kan wà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ láìsí èlé ní 2024, NELFUND ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín wádìí rẹ̀ níléèwé wọn. Àbúrò mi kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ títí mo fi sọ fún un. Èrè iṣẹ́ ìròyìn kan ṣoṣo tí mo rí jẹ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Mo padà sí Efire. Ìyá mi bi mí. Mo ní ara rẹ̀ le, ìwé ń lọ dáadáa. Mo sọ ti iyọ̀ fún un, n kò sọ ti ìdánwò. Ó dán ti iyọ̀ wò, ẹja rẹ̀ sì pẹ́ nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn káàkiri ọjà, bó bá sì ti ń sọ ọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Kí n tó kọ èyí, mo pe àbúrò mi. Ó dákẹ́ lórí fóònù, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ọ́, pé òun máa pe Màámi fúnra òun kí ìwé ìròyìn tó jáde. Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Télọ̀ tí ìsọ̀ wọn kángun síra wọn ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí. N kò tíì gbọ́ bóyá àbúrò mi ti pè é.