Obìnrin Ẹ̀yìn Ogún Náírà

Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi owó rẹ́ ẹ jẹ. Gbogbo èyí tó bá gbà ló máa ń yí síwá sẹ́yìn kó tó dì í sétí aṣọ. Lọ́dún 2007 tí ogún náírà onírọ́bà jáde, oníbàárà kan ka mélòó kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣaasùn lọ́jà wa ní Ìgbó-Ọrà. Màmá yí ọ̀kan padà, ó sì kígbe pè mí.

“Táyé! Amọ̀kòkò rèé lára owó. Ta ni? Ọmọ ibo ni?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

Mi ò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn mi, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí mi nídìí ìkòkò. Màmá tẹjú mọ́ ọn títí. “Ọwọ́ rẹ̀ dáa,” ó ní. Kò ná an.

Ní ẹbu, ìkòkò kì í yí. Màmá ló ń yí. Á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan níta, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí amọ̀ náà ká títí yóò fi ga. Ṣùkù àgbàdo ló fi ń ṣe ọnà sí i lọ́rùn. Tí wọ́n bá sun ún tán, tó ṣì gbóná, á wọ́n omi èèpo irúgbá sí i, yóò dún ṣàà. Lóru, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kérora ẹ̀yìn ríro.

Ìgbà tó kú tán ni mo tó wá ìdáhùn lọ. Ladi Kwali ni. Abúlé Kwali nílẹ̀ Gbagyi ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1925, àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Michael Cardew, amọ̀kòkò ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, rí iṣẹ́ rẹ̀ láàfin Ẹ́míà Abuja, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ní 1954 ó wọ ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Cardew ń darí níbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ láàárín ọkùnrin. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀. Ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò ńlá rẹ̀, ẹsẹ̀ ló ṣì fi ń yí wọn ká. Ó ń fín alángbá, àkeekèé àti ẹja sí wọn lára. Wọ́n pàtẹ wọn ní London, wọ́n fún un ní oyè MBE. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello sọ obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí di Dókítà.

Ohun kan ì bá bí Màmá nínú. Wọ́n ń fi ohun tó ń yọ́ di bíi dígí kun àwọn ìkòkò wọ̀nyẹn, iná ńlá ni wọ́n fi ń sun wọ́n, ara wọn a dí pátápátá. Ìkòkò tí kì í laàgùn kì í mú omi tutù. “Kí ni wọ́n wá ń bù mu nínú rẹ̀?” Màmá ì bá béèrè. Mi ò rò pé ìbéèrè náà burú.

Ọdún 1984 ni Ladi Kwali kú. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà ni Màmá ń béèrè ọmọ ibo ni.

Nígbà tí à ń pín ẹrù Màmá, àwọn ẹ̀gbọ́n kó aṣọ. Èmi mú owó náà, ó ṣì wà nínú kókó tó dì í sí. Kẹ́hìndé mi rẹ́rìn-ín: kí ni ogún náírà lè rà mọ́? Mo yí i padà fún un, mo sì sọ orúkọ obìnrin náà.