Ibi Tí Iná Ti Ń Já

Kọ́ńtáàtì tí wọ́n yọ kúrò lára ọkọ̀ ìjàpá mi ṣì wà lórí tábìlì ìkàwé mi, ọwọ́ mi kò sì gbé e láti jù ú nù. Kò gùn tó ìka kan. Ojú irin róbótó méjì ló ní, wọ́n dojú kọ ara wọn. Bí mo bá gbé e sábẹ́ gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá, mo máa ń rí i pé ojú kan ti dá kòtò sí àárín, èkejì sì ti yọ góńgó, góńgó náà bá kòtò yẹn mu rẹ́gí. Irin ti kúrò lójú kan, ó ti lọ lẹ̀ mọ́ èkejì, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí èmi ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tí ọkàn mi wà níbòmíràn. Ta ló kó irin náà lọ? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Volkswagen tí wọ́n tò ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Gbogbo ìgbà tó bá ṣòro láti jí láàárọ̀, tàbí tó bá ń fà tìkọ̀ lórí òkè, kọ́ńtáàtì la máa ń tú. Ike kékeré tó ń fara ha káàmù inú dísítíríbútọ̀ ló máa ń jẹ. Bó bá ti jẹ, àlàfo á dín kù, iná á sì máa pẹ́ kó tó ta. Ìlàjì mìlímítà kò tilẹ̀ pé nínú àlàfo náà: 0.4 ni. Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ náà kì í wá irin ìwọ̀n. Á fọwọ́ yí púlì títí kọ́ńtáàtì á fi là dáadáa, á fa páálí ìṣáná ya, á tì í bọ ibẹ̀, á sì máa fi sukudíráfà dé e díẹ̀díẹ̀ títí páálí náà á fi ní agídí díẹ̀ bó bá ń fà á jáde. Ọkọ̀ á jí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin rewáyà kan ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ìgbàlódé. Ó tú kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà kúrò, ó de ike dúdú kan síbi tí wọ́n wà, ó ti òrùka kan tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú bọ ọ̀pá àárín, ó sì fa wáyà méjì lọ sí kọ́ìlì, pupa àti dúdú. Ó tán. Ṣùgbọ́n góńgó àti kòtò yẹn ṣì dá mi dúró.

Nítorí wọn ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ Michael Faraday. Ọkùnrin yìí wù mí púpọ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ilé ìwé lọ. Iṣẹ́ ìwé dídì ló kọ́ fún ọdún 7, inú àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá fún dídì ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa iná mànàmáná. Ìṣirò kò jinlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú. Ojú àti ọwọ́ ló fi ń ronú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1831, ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ́ wáyà mọ́ apá kan òrùka irin, ó lọ́ wáyà mìíràn mọ́ apá kejì, méjèèjì kò fara kanra. Ó so ọ̀kan mọ́ bátìrì, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ ṣọ́ èkejì. Abẹ́rẹ́ náà mì bó ṣe so ó. Bí iná ti ń ṣàn lọ geere, abẹ́rẹ́ dúró jẹ́ẹ́, àfi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó já wáyà náà kúrò ni abẹ́rẹ́ tún mì.

Òrùka Faraday yẹn ló wà nínú kọ́ìlì ọkọ̀ wa. Wáyà tó ki tí a lọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, àti wáyà tín-ín-rín tí a lọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí kọ́ńtáàtì bá pa ojú dé, iná bátìrì á máa ṣàn nínú wáyà tó ki, púlọ́ọ̀gì kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Bí kọ́ńtáàtì bá là, tí iná já lójijì, fóltì 12 yẹn á di 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wáyà tín-ín-rín, á sì fò kọjá lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Jíjá tí iná já gan-an ló ń mú ọkọ̀ rìn. Charles Kettering, ẹni tó ti fi mọ́tò iná sára ẹ̀rọ ìgbowó àwọn onísọ́ọ̀bù rí, ló ṣe ètò yìí fún Cadillac ní nǹkan bí ọdún 1910, òun náà ni ọkọ̀ ayé sì ń lò títí wọ inú àwọn ọdún 1970.

Bí ẹ́ńjìnnì ìjàpá bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì ń já iná ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́kọ̀ọ̀kan wọn, iná kékeré kan fẹ́ fo àlàfo náà. Kọ́ńdẹ́ńsà ló ń gbà á sílẹ̀. Bí agbára kọ́ńdẹ́ńsà bá kéré jù tàbí tó pọ̀ jù, iná náà á máa bu irin lójú kan lọ sójú kejì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á wo ibi tí kòtò wà, á sì mọ èwo nínú méjèèjì ni. Iná ló kó irin mi lọ, ó sì fi àpá sílẹ̀.

Ike dúdú yẹn kì í fi àpá kankan sílẹ̀. Ohun tí Edwin Hall rí lára pẹlẹbẹ wúrà ní 1879, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Johns Hopkins, ló fi ń mọ̀ pé mágínẹ́ẹ̀tì ń kọjá. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, á já iná. Ojú irin kankan kò kanra, nǹkan kan kò sì jẹ. Ọkọ̀ mi ń jí ní ẹ̀ẹ̀kan náà báyìí, kì í fà tìkọ̀ mọ́, mi ò sì kábàámọ̀ rárá. Rewáyà kìlọ̀ fún mi pé, “Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú o, sà, yóò jóná.” Bàbá mẹkáníìkì ní tirẹ̀ ní kí n ra kọ́ńtáàtì tuntun sínú búútù. Ó ní, “Kọ́ńtáàtì máa ń ṣàìsàn kó tó kú. Eléyìí kì í ṣàìsàn.” Mo rà á.

Ohun tó wá gbé mi lọ́kàn jù ni pé, nígbà tí mo bi rewáyà náà léèrè ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, ó ní ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá kanra ni. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni o, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó fi hàn án rí ni. Bàbá bá tan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìjàpá mìíràn tó wà nílẹ̀, ó fi akisa gbígbẹ di wáyà kọ́ìlì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ náà fi sukudíráfà la kọ́ńtáàtì. Ó là á, iná aró ta pàù! Ó pa á dé, kò sí nǹkan. Ó tún là á, ó sì ń là á lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó gbogbo dísítíríbútọ̀ àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú bátìrì kan, kọ́ìlì kan àti púlọ́ọ̀gì kan, kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ já iná kí ẹ tó kọ́ ọ ní ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀.